Ìjókòó Ọ̀gá Kì í Ṣe Ohun Ìkánjú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn bí a ti ń ronú lórí àríyànjiyàn kan tí ó ti wà lẹ́nu àwọn awakọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Awakọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí iṣẹ́, ṣé kí ó tètè gba ipò ọ̀gá ni, tàbí kí ó fara balẹ̀ ní ipò igbákejì títí yóò fi gbó nínú iṣẹ́ náà?

Kí ọ̀rọ̀ lè yé olúkúlùkù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé bí ètò náà ti rí. Awakọ̀ méjì ni ń jókòó níwájú ọkọ̀ òfuurufú tí ń kó èrò. Ọ̀gá, ẹni tí wọ́n ń pè ní kápítéènì, ni ó ń jókòó ní apá òsì. Igbákejì rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún. Àwọn méjèèjì ni wọ́n mọ ọkọ̀ náà í wà, wọn a sì máa gbà á fún ara wọn láti ìrìn kan dé òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá dé, ẹnu ọ̀gá ni àṣẹ ti ń jáde. Òun ni yóò sọ pé kí a gbéra tàbí kí a má gbéra. Òun sì ni òfin yóò bi léèrè bí nǹkan bá bàjẹ́.

Nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, ọjọ́ tí ènìyàn wọ iṣẹ́ ni wọ́n fi ń tò wọ́n. Ẹni tí ó bá ṣáájú wọlé ni ó ń ṣáájú yan ìrìn àjò àti ọjọ́ ìsinmi. Igbákejì tí ó ti pẹ́ díẹ̀ lè wà nílé pẹ̀lú aya àti ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ Kérésìmesì; ṣùgbọ́n bí ó bá gba ipò ọ̀gá lónìí, ìdí ìlà àwọn ọ̀gá ni yóò lọ, tí yóò máa dúró de ìpè tọ̀sán-tòru. Owó rẹ̀ yóò pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsinmi rẹ̀ yóò dínkù. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ igbákejì ní ilé-iṣẹ́ ńlá tí a ń pè ní United fi kọ ipò ọ̀gá tí wọ́n nà sí wọn ní ọdún 2023.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí ń kó èrò láti ìlú kékeré lọ sí ìlú ńlá. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi owó bẹ ọ̀pọ̀ àgbà awakọ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì ṣáájú àkókò. Nígbà tí èrò padà dé ní 2021 àti 2022, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wá awakọ̀ kiri, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ọ̀gá awakọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké lọ. Ìjókòó òsì wá ṣófo. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, Envoy àti Piedmont gbé owó igbákejì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sókè sí dọ́là 90 fún wákàtí kan. Ní irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́ awakọ̀ a máa gbọ́ pé kí òun sún sí òsì ní kété tí òfin bá ti gba òun láàyè. Eré náà ti rọlẹ̀ díẹ̀ láti 2024, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kú.

Kí ni òfin wí? Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2009, ọkọ̀ òfuurufú Colgan tí ń ti Newark lọ sí Buffalo já lu ilé kan ní Clarence Center. Ènìyàn 49 tí ó wà nínú ọkọ̀ kú, ẹnìkan sì kú nínú ilé náà. Àwọn olùwádìí ìjọba rí i pé nígbà tí ọkọ̀ kìlọ̀ pé eré òun ti lọ sílẹ̀ jù, ọ̀gá awakọ̀ fa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn, nígbà tí ó yẹ kí ó tì í síwájú. Wákàtí 111 péré ni ó ti fi wa irú ọkọ̀ yẹn. Láti ọdún 2013, òfin ti wí pé awakọ̀ gbọ́dọ̀ fi wákàtí 1,500 fò kí ó tó lè ṣe igbákejì, àfi àwọn tí iṣẹ́ ológun tàbí ẹ̀kọ́ ilé-ìwé gíga bá dín tiwọn kù. Ó sì gbọ́dọ̀ lo wákàtí 1,000 sí i lẹ́nu iṣẹ́ ìkóèrò kí ó tó lè di ọ̀gá.

Òfin dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ọ̀gá awakọ̀ tí ó kú ní Buffalo ti lo wákàtí tí ó lé ní 3,000 lójú òfuurufú, igbákejì rẹ̀ sì ti lo ju 2,000 lọ. Iye wákàtí ni aṣọ. Ohun tí ojú ti rí nínú wákàtí náà ni àkísà.

Ẹ wo àkísà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ṣáájú ìjàm̀bá yẹn, ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọ̀wọ́ ẹyẹ ńláńlá ba ẹ́ńjìnnì méjèèjì ọkọ̀ kan jẹ́ bí ó ti gbéra ní New York. Chesley Sullenberger ni ọ̀gá, Jeffrey Skiles ni igbákejì. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀, wọ́n gbé ọkọ̀ náà lé orí odò Hudson, gbogbo ènìyàn 155 sì yè. Igbákejì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wa irú ọkọ̀ yẹn ni, ṣùgbọ́n ó ti lo wákàtí tí ó lé ní 15,000 lójú òfuurufú, ó sì ti ṣe ọ̀gá rí. Ọ̀gá di ọkọ̀ mú. Igbákejì ń wá ọ̀nà láti jí ẹ́ńjìnnì. Kò sí ẹni tí ó ní láti kọ́ ẹnìkejì ní iṣẹ́.

Àwọn tí ó ní kí ọ̀dọ́ tètè gun òkè náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ní owó kò dúró de ẹnìkan, àti pé ilé-iṣẹ́ ńlá fẹ́ràn ẹni tí ó ti ṣe ọ̀gá rí. Wọ́n ní òfin kò fi ọ̀gá tuntun sílẹ̀ lásán: bí kò bá tí ì lo wákàtí 100 ní ipò ọ̀gá nínú irú ọkọ̀ náà, ó gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 100 àti ìdajì máìlì kún òṣùwọ̀n tí àwọn àgbà fi ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá burú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní ẹni tí ó pẹ́ jù lẹ́yìn ọ̀gá lè gbàgbé bí a ti ń dá ìpinnu ṣe. A kò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa.

Síbẹ̀, èrò tiwa ni pé kí a má fi ipá gbé ẹnikẹ́ni sí ìjókòó òsì. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí mọ̀ pé ìwé-ẹ̀rí a máa mú ènìyàn wọ kíláàsì, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ di ọ̀gá ilé-ìwé ní ọdún kan. Wákàtí 1,000 yìí, awakọ̀ lè rí i kó jọ ní ọdún kan ó lé díẹ̀. Kí ó tó sún sí òsì, ó yẹ kí ó ti rí ìgbà òtútù kan já, nígbà tí yìnyín ń dì mọ́ apá ọkọ̀, àti ìgbà ooru kan, nígbà tí àrá ń sán kiri. Kí ó sì ti jókòó ti oríṣiríṣi ọ̀gá, kí ó rí ti ọlọ́gbọ́n, kí ó sì rí ti aláìgbọ́n.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan: bí ìjì bá wà níwájú, tí èrò ń kùn, tí ilé-iṣẹ́ sì ń pè é pé àkókò ti lọ, ṣé ó lè sọ pé, “A kò ní í lọ”? Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá lè sọ bẹ́ẹ̀ láìgbọ̀n, kí ó gba ipò náà, kí ó má sì ṣe jẹ́ kí ọjọ́ ìsinmi dí i lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá tí ì lè sọ ọ́, kí ó dúró. Ìdúró rẹ̀ kì í ṣe ojo.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń gbé Amẹ́ríkà ni ń wọ irú ọkọ̀ wọ̀nyí. Kí ilé-iṣẹ́ fi owó àti ìsinmi tí ó tọ́ fa ọ̀gá mọ́ra, kí wọ́n yé fi ìpá tì í. Àwa èrò náà, bí ọ̀dọ́ ọ̀gá kan bá sọ fún wa lọ́jọ́ kan pé òun kò ní í gbéra, kí a má ṣe gbé e ṣépè. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ọ̀dọ́ tí ó dá wa dúró sílẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí yóò mú wa délé.