Níti Kíkun Ẹyin Àjíǹde Nínú Ilé

Ní Òjó, ní Ìbà àti ní Okokomaiko, aṣọ funfun, orin, ìrẹsì, àti lílọ sí Gálílì ní ọjọ́ Ajé ni a fi mọ Àjọ̀dún Àjíǹde. Ẹyin aláwọ̀ kò sí nínú ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa. Àwọn àgbà mìíràn kì í tilẹ̀ fẹ́ kí ọmọdé jẹ ẹyin, wọ́n ní yóò sọ ọ́ di olè. Ọ̀rọ̀ náà kò ní òtítọ́ kan nínú, oúnjẹ rere ni ẹyin jẹ́ fún ọmọ tí ń dàgbà.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn Kristẹni ilẹ̀ Gíríkì ti ń pa ẹyin láró pupa ní ìrántí ẹ̀jẹ̀ Olúwa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1290, a ra ẹyin 450 fún ilé Ọba Edward Kìíní, kí a lè kùn wọ́n fún ọrẹ Àjíǹde. Ní ìgbà náà a kì í jẹ ẹyin ní àkókò Lẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n adìẹ kì í gbààwẹ̀, nítorí náà ẹyin a pọ̀ jọ dé ọjọ́ àjọ̀dún.

Ohun tí ó mú wa sọ̀rọ̀ ni pé jíjẹ ni a ó jẹ ẹyin náà. Bí èèpo rẹ̀ ti le tó nì, ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò tí ojú kò lè rí, èyí tí òròmọdìẹ inú rẹ̀ fi ń mí. Ohun tí a bá rẹ ẹ́ sí lè gba ibẹ̀ wọlé. Nítorí náà aró aláṣọ kò yẹ ẹ́, nítorí àwọn aláró òde òní ń lo sódà kọ́sítíìkì, èyí tí í bó ènìyàn lára. Osùn pẹ̀lú, ara ni a fi ń kùn. Kì í ṣe ohun jíjẹ.

Inú ilé ìdáná ni kí a ti wá àwọ̀. Èèpo àlùbọ́sà tí à ń dà nù lójoojúmọ́ ni ó dára jù: ẹ sè é fún ìdajì wákàtí, ẹ sẹ́ omi rẹ̀, kí ẹ sì bu ṣíbí ńlá ọtí kíkan kan sí ife kọ̀ọ̀kan. Ọtí kíkan a máa jẹ èèpo ẹyin díẹ̀, àwọ̀ a sì mú un. Atalẹ̀ pupa ń fúnni ní àwọ̀ ìyeyè. Pòròpórò ọkà bàbà, tí àwọn oníwàrà ilẹ̀ Benin, aládùúgbò wa, fi ń mú wàrà pupa, wúlò pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ìsápá yóò tàn yín jẹ! Omi rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ ẹyin inú rẹ̀ a jáde bí aró tí ó ti ṣá. Ohun kan náà ni èèpo ẹyin àti ìkarahun ìgbín, ó sì ń pa kíkan ìsápá; bí kíkan náà bá ti lọ, pupa rẹ̀ a lọ pẹ̀lú.

Ẹni tí kò ní àkókò lè ra àwọ̀ oúnjẹ inú ìgò tí àwọn oníkéèkì ń lò: ìkán 10 sí 20 nínú ìdajì ife omi gbígbóná àti ṣíbí kékeré ọtí kíkan kan, fún ìṣẹ́jú 5. Lára ẹyin adìẹ òyìnbó tí èèpo rẹ̀ pọ́n, àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kì í hàn.

Kí a tó rẹ ẹyin, ọmọ lè fi àbẹ́là kọ orúkọ rẹ̀ sí i, bí aládìrẹ ti ń fi ẹ̀kọ kọ ọnà sára aṣọ. Àwọ̀ kì í mú ibi tí ìda wà. Kí omi náà sáà ti tutù, kí ìda má bàa yọ́.

Ìrìn Gálílì ni ó ń bà wá lẹ́rù jù. Ẹyin sísè kò gbọdọ̀ kúrò nínú fírìjì ju wákàtí 2 lọ, tàbí wákàtí 1 péré bí ooru bá ju ìwọ̀n 32 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ lè dúró pẹ́ ju èyí lọ ní ọ̀nà Badagry. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi àwọn tí ó ti pẹ́ lórí tábìlì ṣeré nìkan. Àwọn tí wọn yóò jẹ, inú fírìjì ni kí wọn wà, kí ó má sì ju ọjọ́ 7 lọ. Èyí tí ó bá sán nínú ìkòkò, ẹ má wulẹ̀ rẹ ẹ́. Ẹ bó o fún ọmọ tí ó dúró ti iná, kí ó jẹ ẹ́ ní gbígbóná.