Ohùn Tó Ń Sọ̀rọ̀ Nínú: Báwo Lo Ṣe Lè Dá A Mọ̀?

  

Lónìí mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lórí nǹkan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá kiri ṣùgbọ́n tí wọn kì í sọ síta. O ń gbàdúrà, o ń gbààwẹ̀, o ń lọ sí ìsọjí. Ẹni tó jókòó tì ọ́ ń rí ìran, ìwọ ò rí nǹkan kan. Ẹlòmíràn gbọ́ ohùn, ìwọ, oorun ló ń kùn ọ́. Ó wá ń ṣe ọ́ bíi pé Ọlọ́run ò mọ orúkọ rẹ. Ó mọ̀ ọ́n! Ṣùgbọ́n jẹ́ kí a la ọ̀rọ̀ yìí yé ara wa, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìran tàn ọ́ jẹ.

KÍ LÀ Ń PÈ NÍ ÌRÍRÍ Ẹ̀MÍ?

Òun ni ìgbà tí Ọlọ́run bá fi ara rẹ̀ han ènìyàn kọjá ohun tí ojú lásán lè rí. Ó lè jẹ́ àlá, ó lè jẹ́ ìran, ó lè jẹ́ ohùn. Ó sì lè jẹ́ òye kan tó wọ inú ọkàn rẹ wẹ́rẹ́, tí ara rẹ sì balẹ̀. Ka 1 Sámúẹ́lì orí kẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sámúẹ́lì gbọ́ ohùn Olúwa tí kò dá a mọ̀. Ó rò pé Élì ló ń pe òun ni. Àgbà ló là á lọ́yẹ̀. Ṣé o ń bá mi bọ̀? Kéèyàn gbọ́ ohùn lọ́tọ̀, kó ní òye rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ILẸ̀ WA

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1925, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún kan, Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, lọ wo ìwọ́de àwọn ìjọ Àgùdà ní Èkó. Ó ní òun rí áńgẹ́lì níbẹ̀. Ó délé, ó wọ ojúran. Mose Orímọládé, ọmọ Ìkárẹ́, ni wọ́n pè wá gbàdúrà fún un. Ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ Séráfù bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ní agbègbè Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ẹ̀rọ náà kú, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó gbọ́ ohùn tó ní kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kó lọ wàásù. Ó fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Ní oṣù keje ọdún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oyè, Iléṣà.

Josiah Akíndayọ̀mi ńkọ́? Ọmọ Oǹdó ni, kò mọ̀wé kà. Ó rí orúkọ ìjọ nínú ìran bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ sára pátákó. Lọ́dún 1952 ni ìjọ Redeemed bẹ̀rẹ̀. Lónìí, Ibùdó Ìràpadà wọn wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá wa níbí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé.

Wàyí o, kí ni ó pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀? Kò sí ẹni tó fi ìran tirẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́ nínú wọn. Iṣẹ́ ni ìran náà rán wọn. Bí ìran rẹ ò bá rán ọ níṣẹ́ kankan ju kí àwọn èèyàn máa kan sáárá sí ọ lọ, tún un gbé yẹ̀ wò.

ORÍ ÒKÈ NÌKAN KỌ́ NI ỌLỌ́RUN WÀ

Àwa ará Abẹ́òkúta fẹ́ràn òkè, kì í ṣe ẹjọ́ wa. Lọ́dún 1830, abẹ́ Olúmọ ni àwọn baba wa rí ààbò nígbà ogun. Ó wá rọrùn fún wa láti gbà pé àfi ká gun òkè. Òkè dára fún àdúrà. Ṣùgbọ́n ka 1 Àwọn Ọba orí 19. Èlíjà wà lórí òkè. Ìjì jà, ilẹ̀ mì, iná jó, Ọlọ́run ò sí nínú wọn. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló tẹ̀ lé e. Kí sì ni ohùn náà sọ? Ó ní kí Èlíjà padà sẹ́nu iṣẹ́!

Mo mọ arábìnrin kan tí aríran kan sọ fún pé kó má lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́, pé oògùn ló ń dí ojú ẹ̀mí rẹ̀. Ó gbà á gbọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ṣubú nínú ilé ìdáná. Àánú Olúwa ni pé ọmọ rẹ̀ wà nílé, wọ́n tètè gbé e dé ilé ìwòsàn. Ó wà láàyè, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ ò tíì lè gbé ìkòkò dòní. Ẹ̀yin ará mi, Ọlọ́run kì í fi ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ san owó ìran.

BÍ ARÓ ṢE Ń MÚ AṢỌ

Lọ bi àwọn ìyá wa aláró tí ọjà wọn ń lọ sí Ìtòkú. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ aṣọ kúrò nínú ìkòkò aró, àwọ̀ bí ewé ló máa ń ní. Atẹ́gùn tó fẹ́ sí i níta ló ń sọ ọ́ di dúdú aró. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún yọ ọ́, títí yóò fi dúdú kíkankíkan. Bí òye ẹ̀mí ṣe rí nìyẹn. Àdúrà ni ìkòkò aró. Ilé rẹ, ọjà rẹ, ọkọ tàbí aya rẹ ni atẹ́gùn. Ẹni tó wà nínú ìkòkò nígbà gbogbo, àwọ̀ rẹ̀ ò lè yọ. Ẹni tó rì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní pẹ́ ṣá. Má retí pé ọjọ́ kan ni wàá fi dàgbà.

YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Èkíní, ṣé ó bá Ọ̀rọ̀ mu? Àlùfáà Ajayi Crowther dé Abẹ́òkúta lọ́dún 1846. Ibí ló ti tún rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí ogun ẹrú yà wọ́n. Lọ́dún 1850 wọ́n tẹ ìwé Róòmù tó túmọ̀ sí Yorùbá. Lọ́dún 1884 Bíbélì odindi jáde. Wọ́n ṣe làálàá yẹn kí ìwọ lè fúnra rẹ kà á, kó yé ọ. Aríran tó bá ní o kò nílò Bíbélì, òun nìkan ni kí o máa gbọ́, sá fún un! 1 Jòhánù 4 ní ká dán ẹ̀mí wò.

Èkejì, ṣé o sọ ọ́ fún àgbà nínú ìgbàgbọ́? Sámúẹ́lì ní Élì. Ta ni ìwọ ní?

Ẹ̀kẹta, kí ni èso rẹ̀? Ìfẹ́ àti àlàáfíà ni, àbí ìbẹ̀rù àti fífura sí ìyá ọkọ rẹ?

Ìwọ tí o kò tíì rí ìran rí, fọkàn balẹ̀. Ìfẹ́ tó ń jí ọ láàárọ̀ láti wá Ọlọ́run, òun gan-an ló fi í síbẹ̀. Gbé ọwọ́ rẹ sókè, kí o sọ tẹ̀lé mi: Jésù Olúwa, mo fi ọkàn mi fún ọ. Là mí lóye. Má jẹ́ kí n ṣìnà. Àmín.

Bí o bá gba àdúrà yìí tọkàntọkàn, wá ìjọ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Bíbélì nítòsí rẹ. Kí o sì lo oògùn rẹ o! Títí a ó fi tún pàdé, Olúwa á wà pẹ̀lú rẹ.