The Exit 8

The Exit 8 jẹ́ eré orí kọ̀ǹpútà láti orílẹ̀-èdè Japan, tí Kotake Create gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Ẹni tó ń ṣeré náà há sí ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan tí kò lópin. Bí ó bá rí ìyípadà lára àwòrán ògiri, ilẹ̀kùn tàbí ọkùnrin tó ń kọjá, ó gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn. Bí kò bá sí ìyípadà, kí ó máa lọ síwájú. Àṣìṣe kan ṣoṣo á dá a padà sí òdo. Ẹnu ọ̀nà kẹjọ nìkan ni ó lè gbà jáde. Eré náà kò gbára lé ìtàjẹ̀sílẹ̀ láti dẹ́rù bani: ìyèméjì nípa ohun tí ojú rí ni ẹ̀rù rẹ̀. Genki Kawamura darí fíìmù tó dá lórí rẹ̀ ní ọdún 2025.