Eyín Àtọwọ́dá: Ṣákiṣàki Nínú Egungun, Jọ̀lọ̀ Nínú Ẹnu

Ẹni tó bá gbé ímpláǹtì, ìyẹn gbòǹgbò eyín àtọwọ́dá, lé àtẹ́lẹwọ́, tó sì wò ó dáadáa, yóò rí i pé ara rẹ̀ kò rí bákan náà látòkè délẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n gbẹ́ ní ojú síkúrúù, rí ṣákiṣàki, kò sì dán. Lára ọ̀pọ̀ rẹ̀, ọrùn òkè ń dán gbinrin. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe é fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Inú egungun ni apá kan ń lọ, apá kejì ni yóò gba inú èrìgì yọ sí ẹnu. Ohun tí egungun ń fẹ́ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ẹnu ń fẹ́. Bí oníṣègùn eyín bá ṣe bọ̀wọ̀ fún ìyàtọ̀ yìí tó ni eyín náà yóò ṣe pẹ́ tó.

Ara ehoro ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1952, ní ìlú Lund ní orílẹ̀-èdè Sweden, olùwádìí ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Per-Ingvar Brånemark fẹ́ mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú mùdùnmúdùn egungun. Ọ̀rọ̀ eyín kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá. Ó fi irin titanium ṣe ohun èlò kékeré kan tó ní dígí, ó tì í bọ inú egungun ẹsẹ̀ ehoro, ó sì ń fi maikirosíkópù wo ohun tó ń lọ níbẹ̀. Nígbà tó parí iṣẹ́ tó fẹ́ yọ irin náà kó lè tún un lò, irin kọ̀, kò jáde. Egungun ti hù mọ́ ọn lára.

Ẹlòmíràn ì bá bínú, kó ju ehoro àti irin nù. Brånemark ronú lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dán an wò lára ajá, ó tún dán an wò ní apá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn. Nígbà tó di ọdún 1965, ní ìlú Gothenburg, ó fi gbòǹgbò titanium mẹ́rin sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ Gösta Larsson. Ọmọ ọdún 34 ni ọkùnrin yìí. Wọ́n bí i pẹ̀lú àjà ẹnu tó là, àgbọ̀n rẹ̀ kò rí bó ṣe yẹ, kò sì ní eyín nísàlẹ̀. Oúnjẹ jíjẹ ń ni í lára. Gbòǹgbò wọ̀nyẹn ló sì ń lò títí tó fi kú ní ọdún 2006. Ó lé ní ogójì ọdún!

Síbẹ̀, àwọn oníṣègùn eyín kò tètè gbà á gbọ́, a ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ irin tí wọ́n ti kàn mọ́ àgbọ̀n àwọn aláìsàn ṣáájú ìgbà yẹn ló mì, tó ń dá ọyún sílẹ̀, tí wọ́n sì ní láti yọ. Ìpàdé ńlá kan tí George Zarb pè ní Toronto, ní Kánádà, lọ́dún 1982, níbi tí Brånemark àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kó àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún kalẹ̀, ló ṣí ojú ayé sí i.

Àṣírí titanium ni pé bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án báyìí, awọ tínrín kan á bo ara rẹ̀. Awọ yìí kì í jẹ́ kó dógùn-ún, ara ènìyàn kì í sì bá a jà. Àmọ́ egungun tí yóò gbà á gbọ́dọ̀ wà láàyè. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Gothenburg lára ehoro, tó jáde lọ́dún 1983, fi hàn pé bí egungun bá gbóná dé ìwọ̀n 47 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú kan péré, ó ti fara pa. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń lu ihò náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí omi oníyọ̀ tó tutù sì ń ṣàn sí i láìdáwọ́ dúró.

Ti Brånemark àkọ́kọ́, bó ṣe tinú ẹ̀rọ agbẹ́rin jáde ni wọ́n ṣe lò ó, kò rí ṣákiṣàki tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tó oṣù mẹ́ta kí egungun ìsàlẹ̀ tó dì í mú, tòkè a máa tó mẹ́fà. Lọ́dún 1991, Daniel Buser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Switzerland fi oríṣiríṣi ojú titanium wé ara wọn nínú egungun ẹlẹ́dẹ̀ kéékèèké, wọ́n sì rí i pé èyí tí wọ́n fọ́n iyanrìn lù, tí wọ́n sì fi ásíìdì jẹ lójú, wà lára àwọn tí egungun hù mọ́ jù. Bíríkìlà tó ń ha ara ògiri kó tó rẹ́ ẹ kò ní bi wọ́n léèrè ìdí. Lónìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ti ń tó fún àwọn aláìsàn kan.

Bí a bá wá gòkè dé ẹnu, ọ̀rọ̀ yí padà.

Kòkòrò àìfojúrí kún ẹnu gbogbo ènìyàn, ibi tó bá rí ṣákiṣàki ni wọ́n ti ń rí ibi sápamọ́ sí. Àwọn olùwádìí tó ń jẹ́ Bollen, Lambrechts àti Quirynen gbé òdiwọ̀n kan kalẹ̀ lọ́dún 1997 tí àwọn oníṣègùn eyín ṣì ń tẹ̀ lé: 0.2 míkírómítà. Ẹgbẹ̀rún míkírómítà ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Bí ojú eyín àtọwọ́dá bá rí ṣákiṣàki ju 0.2 yẹn lọ, ìdọ̀tí á túbọ̀ máa lẹ̀ mọ́ ọn; bó bá dán jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí èrè mìíràn tó ṣe gbòógì.

Wọ́n máa ń ní kòkòrò ló ń jẹ eyín. Ímpláǹtì kì í jẹrà bí eyín. Èrìgì àti egungun tó yí i ká ni ìdọ̀tí ń bá jà, nítorí èrìgì kì í so mọ́ titanium gírígírí bó ṣe ń so mọ́ eyín àbínibí. Ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ máa yọ, egungun á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dunni níbẹ̀rẹ̀. Ewu náà pọ̀ sí i fún ẹni tó ń mu sìgá àti ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́. Sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́ kù sábẹ́ èrìgì nígbà tí wọ́n ń lẹ adé eyín, ìyẹn orí eyín àtọwọ́dá tó hàn sí ẹnu, náà lè dá àìsàn yìí sílẹ̀.

Dídán eyín, tí aláìsàn sábà máa ń rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni, jẹ́ ara ìtọ́jú gan-an. Bí wọ́n bá fi ohun aláwọ̀ eyín dí ihò, dókítà á fi ike tínrín kan tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi le. Ojú tó wà lábẹ́ ike yẹn ló ń jọ̀lọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò lágbára, ó yẹ kí wọ́n gé e kúrò. Lẹ́yìn náà ni sáńpépà roboto: èyí tó rí ṣákiṣàki ṣáájú, èyí tó kúnná tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ rọ́bà, lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀ oní-dáyámọ́ńdì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pa ojú ìhà tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ dá sílẹ̀ rẹ́, nítorí náà ẹni tó bá fo ọ̀kan ti fi ìhà sílẹ̀ sẹ́nu aláìsàn. Ti amálígámù, ìyẹn irin fàdákà àtijọ́, ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ń dán an, torí ó gbọ́dọ̀ le dáadáa ná.

Ti adé eyín tilẹ̀ gba ìṣọ́ra jù. Dókítà á ní kí aláìsàn fi eyín tẹ bébà aláwọ̀, ibi tó bá ga ni yóò ha. Bó bá ti ha á tán, dídán tó bá a dé láti ilé iṣẹ́ ti lọ. Bí kò bá tún un dán, eyín àbínibí tó dojú kọ ọ́ ni yóò máa lọ̀ dànù. Zirconia, ohun líle kan tí wọ́n fi ń ṣe adé eyín, kì í ha eyín bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá dán an dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó le ju eyín lọ. Ìkánjú níbí kò dára. Ago rọ́bà tí wọ́n bá tẹ̀ mọ́ eyín láìsí omi ń mú ooru wá, Zach àti Cohen sì ti fi hàn lára ọ̀bọ, ní ọdún 1965 kan náà tí Larsson gba eyín, pé bí inú eyín níbi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ wà bá fi ìwọ̀n 5.5 Celsius gbóná sí i, òmíràn nínú wọn kì í bọ̀ sípò mọ́.

Nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń kọ́ àwọn oníṣègùn eyín ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, ní UCH n'Íbàdàn àti ní OAUTHC n'Ífẹ̀. Òkèèrè ni ímpláǹtì ti ń wá, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ìdí pàtàkì nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó ná an béèrè fún iṣẹ́ àṣeparí.  Bó bá lọ fọ eyín, kí ó sọ pé òun ní ímpláǹtì, kí wọ́n má baà fi irin líle ha ọrùn rẹ̀ tó ń dán. Nílé, èédú lílọ̀ àti eérú ń ha ojú eyín àtọwọ́dá, kí ó yẹra fún wọn. Orín kì í dé àárín eyín. Búrọ́ọ̀ṣì kéékèèké tó ń wọ àárín eyín ló ń débẹ̀.

Ahọ́n fúnra rẹ̀ jẹ́ adájọ́ rere, ìwádìí ti fi hàn pé ṣóńṣó rẹ̀ lè mọ ìyàtọ̀ tó kéré tó 0.5 míkírómítà. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kú a máa pa ahọ́n kú pẹ̀lú, nítorí náà kò sí ohun tí aláìsàn lè mọ̀ lórí àga dókítà. Kí ó dúró dìrọ̀lẹ́ tí ara ahọ́n yóò padà, kí ó fi pa eyín tuntun náà látòkè délẹ̀. Bó bá kan ibi tó rí ṣákiṣàki, kí ó padà lọ lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni títún un dán.