Ọmọ Tí Ó Gba Yàrá Nítorí Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ẹni tí ó bá ti Savalou lọ sí Bantè ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kákí ni yóò kọ́kọ́ rí ní ojú ọ̀nà. Ọmọkùnrin nínú kákí, ọmọbìnrin nínú kákí, òmíràn ń fẹsẹ̀ rìn, òmíràn wà lórí kẹ̀kẹ́, mẹ́ta gun alùpùpù kan ṣoṣo. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ni wọ́n ń lọ, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní CEG. Bantè ní tirẹ̀, Savalou ní ju ẹyọ kan lọ, ó sì ti dé àwọn ìlú bíi Gouka, Pira àti Tchetti. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ inú kíláàsì ni a fẹ́ sọ púpọ̀ lónìí, nítorí àwọn olùkọ́ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ohun tí ọmọ ń ṣe láti ìgbà tí agogo ìjáde bá ti lù títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Àwọn bàbá wa kò bá a bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dàhòmì lábẹ́ àwọn Faransé, ọmọ tí ó bá fẹ́ kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní láti dágbére fún ìyá rẹ̀ kí ó forí lé ọ̀nà jíjìn. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n bá yege jù lọ ni wọ́n ń gbà sí Victor Ballot ní Àjàṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ sí Lísẹ́ Béhanzin lónìí. Lẹ́yìn tí Mathieu Kérékou gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972, òfin ẹ̀kọ́ tuntun jáde ní 1975. Ìjọba gba àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ sí ọwọ́ ara rẹ̀, wọ́n sì ní kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa fi ọkọ́ kún ìwé. Àwọn tí wọ́n ti di bàbá àgbà láàárín wa ṣì ń rántí oko kọ́lẹ́ẹ̀jì ìgbà náà. Ẹlòmíràn ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń sọ ọ́, ẹlòmíràn kò rẹ́rìn-ín rárá. Ní 1989 ìyanṣẹ́lódì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fagi lé ọdún ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí ó sì mú kí kíláàsì kún bámúbámú ni ti ọdún 2006, nígbà tí ìjọba sọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ọmọ tí ó wọlé ní ọdún yẹn, bí kò bá tún kíláàsì kankan ṣe, ó dé ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 2012, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbogbo.

Ọdún 4 ni ọmọ yóò lò kí ó tó ṣe ìdánwò BEPC, yóò sì tún lo 3 kí ó tó dé Bak. Faransé ni èdè inú kíláàsì. Ní àgbàlá, ọ̀tọ̀ ni: ọmọ Bantè ń sọ Ìṣà, ọmọ Tchetti ń sọ Ifẹ̀, ti Savalou ń sọ Mahi, Fọ̀n sì ń wọ àárín gbogbo wọn. Àwọn àgbà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní «signal» láyé àtijọ́, tí wọ́n máa ń fi kọ́ ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ lọ́rùn, tí òun náà yóò máa ṣọ́ ẹlòmíràn kiri títí yóò fi rí ẹni gbé e fún. Inú wa kò dùn sí i rí. Ọmọ tí ó mọ òwe bàbá rẹ̀ kì í gbàgbé Faransé nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni yàrá. Savalou sí Bantè lé ní 50 kìlómítà, ọ̀pọ̀ abà sì wà tí wọ́n jìnnà sí títì. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì kò bá sí nítòsí, tàbí tí èyí tí ó wà níbẹ̀ kò dé Terminale, bàbá á gba yàrá fún ọmọ ní ìlú. Ọmọ ọdún 12 tàbí 13 di baálé ilé. Ẹní kan, àtùpà, ìkòkò méjì, àpò gàrí. Ní ti gàrí, Ọlọ́run ṣe wá lóore, nítorí gàrí Savalou tí a ń pè ní sohoui gbajúmọ̀ dé Kútọnu. Ó kúnná, ó sì gbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n gàrí ní òwúrọ̀, gàrí ní ọ̀sán, gàrí ní alẹ́, èyí kì í ṣe oúnjẹ ọmọ tí ń kọ́ ìṣirò. A ti rí ọmọ tí ó sùn lórí tábìlì ní agogo 3 ọ̀sán, tí wọ́n rò pé ọ̀lẹ ni. Ebi ni. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá ti abà dé, ẹ̀wà wà, iṣu wà, epo wà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ gbogbo ẹni tí ń dáná ní àdúgbò.

Àwọn mìíràn fi ọmọ sí ọ̀dọ̀ ìbátan. Ó dára bí ìbátan bá ní àánú. Bí kò bá ní, ọmọ yóò pọnmi, yóò gbálẹ̀, yóò kiri ọjà kí ó tó ṣí ìwé ní alẹ́, nígbà tí ojú rẹ̀ ti ń pa dé.

Oṣù kejì ni ìdánwò mìíràn ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí kì í ṣe ti olùkọ́. Kajú ń so nígbà náà ní gbogbo Bantè àti Savalou, àwọn oníṣòwò sì ń gbé òṣùwọ̀n kiri abúlé. Bàbá ń wá ọwọ́ tí yóò bá a ṣa kajú. Ọmọ sì mọ̀ pé kílò kọ̀ọ̀kan tí òun bá ṣà, owó ni lójú ẹsẹ̀. Ìwé kì í sanwó lójú ẹsẹ̀. Ọmọ á lọ sí abà ní ọjọ́ Ẹtì, kò ní padà ní ọjọ́ Ajé, ó di Ọjọ́rú. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a kò rí i mọ́. A kò bá kajú jà o, òun ni ó ń ra kákí, òun ni ó ń san owó yàrá. Bàbá kan ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé wa gbọ́n sí i: ó bẹ àwọn aládùúgbò ní ọ̀wẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń wá ní ọjọ́ Sátidé nìkan. Ó ní ohun tí òun ná lórí oúnjẹ ọ̀wẹ̀ kò tó owó ọdún kan tí ọmọ yóò fi tún kíláàsì ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin gba sùúrù. Ìjọba ti mú owó ilé ẹ̀kọ́ kúrò lọ́rùn wọn ní ọdún 4 àkọ́kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n yàrá àti ọbẹ̀ kò sí nínú ohun tí wọ́n mú kúrò. Ọmọbìnrin tí ebi ń pa, tí oní-zémidjan gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ mọ ohun tí ọkùnrin náà yóò béèrè ní ọjọ́ kẹrin. Bí oyún bá dé, ọkùnrin á gun alùpùpù rẹ̀ lọ, ọmọbìnrin ni yóò bọ́ kákí. Bí ó bá sì jẹ́ olùkọ́, tàbí ẹnikẹ́ni tí ó ní àṣẹ lórí rẹ̀, ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, òfin wà láti ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 tí ó sọ irú ìyọlẹ́nu bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ilé ẹjọ́ ń torí rẹ̀ fìyà jẹni. Ẹ má ṣe parí rẹ̀ ní ìdí ìgò ọtí láàárín ìdílé méjì. Èyí tí ó sì ti bímọ, ẹ jẹ́ kí ó padà sí kíláàsì. Ìyá àgbà lè pọn ọmọ.

A ti rí ibi tí ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti abà kan náà parapọ̀ gba ilé kan, tí wọ́n sì fi ìyá àgbà kan sí i. Ìyá náà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ aago tí ọmọ wọlé, ó sì mọ ọmọ tí kò jẹun. Lójú tiwa, èyí ju kí bàbá máa fi owó ránṣẹ́ lọ. Ẹni tí kò bá rí irú ìyá bẹ́ẹ̀, kí ó máa yọ sí ọmọ láìsọ fún un, kí ó kọ́kọ́ kí onílé, kí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn alábòójútó kọ́lẹ́ẹ̀jì kí ó béèrè iye ọjọ́ tí ọmọ pa jẹ.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ọjọ́ Ìgbàsókè Màríà Wúńdíá, tí Savalou sì ń ṣe ọdún iṣu tuntun, ọ̀pọ̀ yín ń wá sí ìlú. Ẹ fi ọjọ́ náà wá yàrá pẹ̀lú, kí ẹ béèrè ibi tí kànga wà, kí ẹ wo irú ènìyàn tí ń gbé yàrá kejì. Oṣù kẹsàn-án ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ń wọlé. Ẹni tí ó bá dúró di ọ̀sẹ̀ náà, yàrá tí ó fara ti ilé ọtí ni yóò kù fún un.