Ọdẹ Olè Tí Ó Jẹ́ Ọ̀gá Olè

Ní nǹkan bí ọdún 1720, ìlú London kò ní ẹgbẹ́ ọlọ́pàá ìjọba. Ẹni tí ó bá mú adigunjalè tí a dá lẹ́bi a gba £40 lọ́wọ́ ìjọba. Ọkùnrin kan, Jonathan Wild, fi èyí ṣòwò. Àwọn olè abẹ́ rẹ̀ a jí ẹrù, òun a sì gbowó lọ́wọ́ olóhun kí ó tó dá a padà. Olè tí ó bá ṣorí kunkun, a fà á fún adájọ́. Òfin ọdún 1718 ka irú òwò bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Òun ni ó mú Wild, tí a fi yẹgi fún un ní 1725. Ní 1829 ni ìjọba dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá tí ń gba owó iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí olè jíjà ń bọ́ kò ní fẹ́ kí olè tán ní ìlú.