Ìríra Kì í Ṣe Èèwọ̀: Ẹ̀kọ́ láti Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Oúnjẹ àti Ọjà Kàdúná

Ọ̀rọ̀ méjì ni Yorùbá sábà máa ń lò fún oúnjẹ tí ènìyàn kì í fi kan ẹnu: ìríra àti èèwọ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn yàtọ̀. Inú gbólóhùn bí i "ó rí mi lára" ni ìríra ti wá. Imú, ojú àti ọ̀fun ló ni ín. Òfin ni èèwọ̀ ní tirẹ̀. Ẹ̀sìn, ìdílé tàbí oyè ló ń gbé e kalẹ̀. Olùsìn Ọbàtálá kì í mu ẹmu. Kì í ṣe pé ẹmu rí i lára. Òrìṣà rẹ̀ ló kọ̀ ọ́.

Ìríra nìkan ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú Malmö, ní orílẹ̀-èdè Swídìn, dá lé lórí. Samuel West àti Andreas Ahrens ṣí i ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2018, pẹ̀lú nǹkan bí 80 oúnjẹ láti oríṣiríṣi ilẹ̀. Orí àpò tí a lè bì sí ni wọ́n tẹ tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé sí. Àwọn olùdásílẹ̀ kò yọ ilé ara wọn sílẹ̀: surströmming, ẹja kíkan inú agolo tí àwọn ará Swídìn fẹ́ràn, wà níbẹ̀. Wàràkàṣì Sardinia tí ìdin ń rìn nínú rẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni natto, ẹ̀wà sóyà tí ń fà yọ̀ọ̀ tí àwọn ará Jàpáánì ń fi jẹ ìrẹsì.

Kò yẹ kí natto ṣe àjèjì sí ẹni tó bá mọ ọjà Kàdúná. Kòkòrò àìfojúrí tí a ń pè ní Bacillus subtilis ló ń sọ ẹ̀wà sóyà di natto. Òun náà ló ń ṣiṣẹ́ jù lọ nínú irú. A ó se èso igi igbá títí yóò fi rọ̀, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún un sè, a ó sì bò ó fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Hausa a máa sá a gbẹ, wọn a mọ ọ́n ní róbótó, wọn a pè é ní daddawa. Yorùbá a máa tà á ní tútù, ní irú wooro tàbí irú pẹ̀tẹ̀. Òórùn tó ń lé àlejò sẹ́yìn ló ń pe onílé sídìí ọbẹ̀. Ohun tí ajá rí tó fi ń gbó, kò tó èyí tí àgùntàn fi ń ṣe ìran wò.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀-ìṣe kórìíra: kó àti ìríra ló para pọ̀ di í. Èdè fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀ pé ọ̀nà kò jìn láti orí oúnjẹ tó rí ni lára dé orí ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ìkìlọ̀ yìí wúwo ní Kàdúná, níbi tí ìjà ẹ̀sìn ọdún 2000 ti mú kí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá odò, tí ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì sì kó lọ sí gúúsù. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ fún Mùsùlùmí. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ lè bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ náà láìjẹ́ pé oúnjẹ tirẹ̀ di ẹ̀gàn. Ìríra lè tán bí ahọ́n bá ti mọ́ oúnjẹ lára. Èèwọ̀ kò ní kí á tọ́ ọ wò. Ọ̀wọ̀ ló ń béèrè.